Kí Ni A San, Kí Ni A Gbà?



Ohun méjì ni mo fẹ́ bá yín sọ, wọ́n sì dà bí ohun tí kò tan mọ́ ara wọn. Èkíní ni bí a ti í kọ́ ọmọdé láti mọ iye tí nǹkan tó. Èkejì ni bí ará ìlú ti í bi àwọn olóṣèlú léèrè nípa owó àti agbára tí wọ́n fi ń ṣọ́ wa: ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù, ẹ̀rọ ayàwòrán tí a gbé kọ́ sí ojú títì, àti àkọsílẹ̀ tí orúkọ olúkúlùkù wa wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fara balẹ̀ bá mi lọ, ẹ ó rí i pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni méjèèjì. Ẹni tí kò mọ bí a ti í ná ọjà kò lè mọ ìgbà tí a rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Igbókòdá. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ láti àwọn abúlé etí òkun, tí wọ́n ń kó ẹja tútù, ẹja yíyan àti edé wá, tí àwọn ará òkè náà sì ń kó gàrí, iṣu àti aṣọ wá pàdé wọn. Ìyá tí ó gbọ́n kì í kàn sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Lọ ra ẹja wá,” kí ó sì dákẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó máa ń kọ́ ọmọ náà pé kí ó bi ara rẹ̀.

Ìbéèrè kìíní ni pé: Kí ni mo ń rà gan-an? Ojú ẹja tútù a máa dán, kì í jìn wọnú. Bí a bá ṣí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ níbi tí ó fi ń mí, inú ibẹ̀ a máa pọ́n. Bí a bá fi ìka tẹ ara rẹ̀, ara náà a tún gbéra sókè. Bí ó bá jẹ́ agbọ̀n ẹja yíyan ni, ọmọ gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n, nítorí ẹja ńlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ojú, tí wọ́n á sì fi wẹ́wẹ́ ṣe ìdí. Bí ó bá jẹ́ gàrí ni, kí ó yí kóńgò po, kí ó wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú.

Ìbéèrè kejì ni pé: Kí ni mo ń san? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ gbé ìwé ìṣirò yín. Ká ní àwọ̀n kan jẹ́ 20,000 náírà, tí ó sì ya pátápátá láàárín oṣù mẹ́rin. Àwọ̀n kejì jẹ́ 45,000 náírà, ó sì lo ọdún méjì. Èwo ni ó wọ́n jù? Àwọ̀n kìíní gba 5,000 náírà lóṣù lọ́wọ́ apẹja, èkejì sì gba 1,875 náírà péré. Iye tí ẹnu pè kọ́ ni iye tí nǹkan tó. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ṣe àti ìgbà tí ó fi ṣe é ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Kì í sì í ṣe owó nìkan ni ènìyàn ń san. Ká ní àlejò kan wá sí abúlé, ó fún ọmọdé ní bisikíìtì, ó ní, “Fi ibi tí bàbá rẹ dẹ igèrè sí hàn mí.” Inú ọmọ dùn, ó jẹ bisikíìtì, ó sì nawọ́ sí odò. Kí ni ọmọ yìí tà? Ìmọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ni, oúnjẹ ilé wọn sì ni. Owó kankan kò jáde lápò ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ilé náà ti pàdánù ohun ńlá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ igèrè yìí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà sórí rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni pé: Ibo ni ẹ̀rí wà? Ọmọ tí a fún ní 5,000 náírà gbọ́dọ̀ dé ilé kí ó sì rò ó: ẹja 3,200, ata 600, owó ọkọ̀ 500, ìyókù 700, òun nìyí. Kì í ṣe pé a fura sí i. À ń kọ́ ọ pé ẹni tí ó ná owó ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jíhìn, kí ìyá tó béèrè pàápàá.

Ohun tí a ń rà, ohun tí a ń san, àti ẹ̀rí: àwọn ìbéèrè mẹ́ta náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á gbé wọn kúrò lọ́jà báyìí, kí á gbé wọn lọ bá ìjọba.

Gbogbo yín mọ Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú bí òkun ti ń jẹ ìlú náà, tí ó ti gba ilé, tí ó ti gba ilé-ẹ̀kọ́, tí kò sì fi ibojì àwọn òkú sílẹ̀. Ní ọdún 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ jáde láti fi odi dá omi òkun dúró níbẹ̀, owó tí a sì kéde lé ní bílíọ̀nù 6 náírà. Ní ọdún 2009, wọ́n tún gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta náà. Kí ni a fẹ́ rà? Odi. Kí ni a san? Orí ìwé ni iye rẹ̀ wà. Ibo ni ẹ̀rí wà? Ẹ lọ dúró létí omi ní Ayétòrò, kí ẹ wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó lè ka ṣẹ́ńjì ẹja lè rí i pé ìṣirò yìí kò pé.

Odi etí òkun, ojú lè rí i bí ó bá wà, ojú sì lè rí i bí kò bá sí. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà tí ìjọba ń rà tí ojú kì í tó. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣọ́ ará ìlú ni. Orí rẹ̀ ni ó yẹ kí á dúró sí pẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ní kí ìjọba má ṣọ́ ìlú. Àwọn ajalèlókun ti kọlu àwọn apẹja wa lójú omi, wọ́n ti gba ẹ̀rọ ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti gba ẹ̀mí. Àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí; ìlú tí kò bá ní ojú, olè ni yóò jọba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé orí ara rẹ̀ ni alákàn ń fi ojú rẹ̀ ṣọ́. Kì í fi yọjú sínú ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò.

Báwo ni ìṣọ́ yìí ti ń ṣiṣẹ́? Láti ọdún 2011 ni ìjọba ti ní kí gbogbo ẹni tí ó ní nọ́ńbà tẹlifóònù lọ fi orúkọ àti ìka sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n tún ní kí á so nọ́ńbà náà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, èyí tí a ń pè ní NIN. Nígbàkúùgbà tí tẹlifóònù yín bá wà ní títàn, ó ń bá òpó ẹ̀rọ tí ó súnmọ́ ọn sọ̀rọ̀, bí ẹ̀yin kò tilẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè mọ agbègbè tí ẹ wà, ẹni tí ẹ pè, aago tí ẹ pè é, àti bí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tó. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, tàbí tí ó lè wọ inú tẹlifóònù kí ó sì ka ohun tí a kọ síbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wúlò láti fi wá ajínigbé. A sì lè fi wọ́n wá oníwèé ìròyìn, alátakò, tàbí ọ̀dọ́ abúlé tí ó ń béèrè ibi tí owó odi wọlé sí. Ẹ̀rọ kan náà ni. Ọwọ́ tí ó mú un ni ó yàtọ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí a ti ṣe ra díẹ̀ nínú wọn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ZTE ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà láti gbé ẹ̀rọ ayàwòrán 2,000 kalẹ̀ ní Àbújá àti ní Èkó, àti láti ṣe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ fún àwọn agbófinró. Owó rẹ̀ jẹ́ 470 mílíọ̀nù dọ́là. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, 399.5 mílíọ̀nù, jẹ́ owó tí a yá lọ́wọ́ báńkì kan ní Ṣáínà.

Ọmọ tí ó yára lè fi 2,000 pín 470 mílíọ̀nù, kí ó ní ẹ̀rọ ayàwòrán kan jẹ́ 235,000 dọ́là. Kí ó dúró ná. Agbọ̀n yìí ní ju oríṣi ẹja kan lọ, nítorí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bi olóṣèlú léèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú agbọ̀n, kí olóṣèlú má baà fi àṣìṣe rẹ̀ sá lọ. Àìṣòótọ́ kò dára lọ́wọ́ olùtajà, kò sì dára lọ́wọ́ ẹni tí ń ná ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gba gbogbo rẹ̀ rò, kí á sì béèrè ẹ̀rí. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ayàwòrán náà kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún tí ó ju mẹ́wàá lọ, Mínísítà Ètò Ìnáwó nígbà náà, Zainab Ahmed, sọ fún àwọn aṣojú-ṣòfin pé Nàìjíríà ń san gbèsè náà, ṣùgbọ́n pé òun kò mọ ipò tí iṣẹ́ náà wà. Ẹ̀yin ọmọ, bí ìyá yín bá rán yín ní ẹja, tí ẹ dé tí ẹ ní, “A ṣì ń san gbèsè ẹja náà, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí ẹja wà,” kí ni ìyá yín yóò sọ?

Ẹ gbọ́ òmíràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Elbit Systems ti Ísírẹ́lì kéde pé òun ti ta ẹ̀rọ kan tí iye rẹ̀ tó 40 mílíọ̀nù dọ́là fún orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà. Wọn kò dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ìwé ìròyìn Premium Times ni ó tú u jáde pé Nàìjíríà ni, àti pé ẹ̀rọ náà wà fún ṣíṣọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Aṣojú-ṣòfin, ariwo sì ta. Ẹ wo bí ọjà yìí ti rí: ẹni tí ó tà á ti yọ̀ lójú gbogbo ayé, ẹni tí owó rẹ̀ ni a fi rà á kò sì tíì gbọ́.

Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ IDS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Áfíríkà kó irú àwọn ọjà báyìí jọ. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún 2013 sí 2022, Nàìjíríà ná ó kéré tán bílíọ̀nù 2.7 dọ́là lé wọn lórí, èyí tí ó ju ti orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n yẹ̀ wò ní Áfíríkà lọ. Wọ́n pín in, ó jẹ́ nǹkan bí dọ́là 12 lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Ilé tí ó ní ènìyàn mẹ́fà ní abúlé Obẹ́-ńlá ti san dọ́là 72. Ẹ bi ara yín bóyá ojú omi yín ní ààbò tí ó tó dọ́là 72.

Owó nìyẹn. Ó ku ohun kejì tí a ń san, èyí ni ọ̀rọ̀ igèrè. Ohun tí a ń gbà lọ́wọ́ wa láìsí owó ni àṣírí wa: ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ibi tí a ń lọ, àìsàn tí a ń tọ́jú, ìmọ̀ràn tí à ń gbà ara wa. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 37, sọ pé àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, ìwé tí ó kọ àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ lórí tẹlifóònù ní ààbò. Abala 45 gbà kí òfin dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò ìlú, ṣùgbọ́n òfin ni ó gbọ́dọ̀ ṣe é, kì í ṣe ìfẹ́ inú aláṣẹ kan. Ìlànà tí àjọ NCC gbé jáde ní ọdún 2019 sọ pé kí adájọ́ fọwọ́ sí i kí a tó tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lórí tẹlifóònù, àfi nígbà pàjáwìrì tí ìlànà náà là sílẹ̀.

Kí ni ìdí tí èyí fi kan ará Ìlàjẹ? Ẹ rántí oṣù Karùn-ún ọdún 1998. Àwọn ènìyàn wa gun orí pèpéle epo Parabe ti ilé-iṣẹ́ Chevron láti fi ẹ̀hónú hàn nípa omi àti ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn sójà fi hẹlikópítà dé, ènìyàn méjì sì kú. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ sì dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní ọdún 2008. Èrò tí ó wù kí olúkúlùkù ní nípa ẹjọ́ náà, ohun kan dájú: kí abúlé tó jáde láti sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó. Àgbà yóò sọ tirẹ̀, ọ̀dọ́ yóò sọ tirẹ̀, ẹni tí inú ń bí yóò pariwo, ẹni tí ó ní sùúrù yóò pẹ̀tù sí i. Bí ẹnìkan bá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ògiri, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á dákẹ́. Ìlú tí kò lè gbìmọ̀ kò lè bẹ̀bẹ̀, kò sì lè bínú bí ó ti yẹ.

Ẹ má sì rò pé ìbéèrè kì í yí nǹkan padà. Ní ọdún 2013, ayé gbọ́ láti ẹnu Edward Snowden pé ìjọba Amẹ́ríkà ń kó àkọsílẹ̀ ìpè tẹlifóònù àwọn ará ìlú rẹ̀ jọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn ènìyàn béèrè, wọ́n pẹjọ́, àwọn aṣòfin sì jiyàn. Ní ọdún 2015, wọ́n ṣe òfin tí ó dá ìkójọ náà dúró.

Àwa náà ní irinṣẹ́. Láti ọdún 2011 ni Nàìjíríà ti ní Òfin Òmìnira Láti Gba Ìròyìn. Ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba, kí ó béèrè àkọsílẹ̀. Kò pọn dandan kí ó sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ ọ́. Ọjọ́ méje ni ilé-iṣẹ́ náà ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹni náà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ náà, nítorí náà Àkúrẹ́ kò lè sọ pé ti Àbújá nìkan ni. Láti ọdún 2023 ni a sì tún ti ní òfin tí ó dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa olúkúlùkù ènìyàn.

Òótọ́ ni pé òfin gbà kí ìjọba pa àwọn ohun kan mọ́ nítorí ààbò. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n sọ orúkọ olè tí wọ́n ń dọdẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èló ni a fi ra ẹ̀rọ? Ta ni a rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ìgbà mélòó ni adájọ́ fọwọ́ sí ìtẹ́tísílẹ̀ lọ́dún kan? Ta ni ń ṣọ́ àwọn tí ń ṣọ́ wa? Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àṣírí ogun. Ìṣirò ọjà ni wọ́n. Ẹ bi aṣojú-ṣòfin tí ó ń ṣojú Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò ní Àbújá. Ẹ bi aṣòfin tí ẹ rán lọ sí Àkúrẹ́. Ẹ bi wọ́n nígbà ìdìbò, ẹ sì tún bi wọ́n lẹ́yìn ìdìbò, nítorí ìgbà náà ni wọ́n ń ná owó.

Ọ̀rọ̀ mi ìkẹyìn di ti òbí àti olùkọ́. Gbogbo ohun tí mo ti sọ, inú ilé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá béèrè pé, “Ìyá, ṣẹ́ńjì mi dà?” tí a sì gbá létí, ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà pé ẹni tí ó ní agbára kì í jíhìn. Nígbà tí ó bá dàgbà, kì yóò lè wo ojú gómìnà kó bi í ní ohunkóhun. Bí ó bá sì fúnra rẹ̀ di gómìnà, kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bi òun. Ẹ fún ọmọ lówó, ẹ rán an lọ sọ́jà, kí ó dé, kí ó rò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí òun náà bi yín nípa owó tí ẹ bá a tọ́jú, kí ẹ sì dá a lóhùn láìbínú. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá rí pátákó iṣẹ́ ìjọba lẹ́bàá ọ̀nà tàbí létí omi, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun tí a ní a ó ṣe àti iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì padà lọ wò ó lẹ́yìn ọdún kan.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé wa kò tíì tán ní kíkọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ọmọ tí yóò mọ iye rẹ̀.